Ẹ Bi Ìyá Àgbẹ̀bí: Ṣé Kí A Sè É Ni, Àbí Kí A Jẹ Ẹ́ Ní Tútù?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà tó wọlé lórí ẹ̀fọ́ lóṣù yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ríro àti ti ọmọ tí kò tètè rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ẹ̀yin tí ẹ kọ ìwọ̀nyẹn, ẹ ṣe sùúrù fún mi. Èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Ní ojú ìwé yìí kan náà, ó ti tó ọdún méjì báyìí, mo kọ ọ́ pé omi gbígbóná ni ọ̀tá ẹ̀fọ́, pé ẹni tí eyín rẹ̀ bá ká a, kó máa jẹ ẹ̀fọ́ ní tútù. Níbi ìpàdé kan tí wọ́n pe àwa àgbẹ̀bí àtijọ́ sí ni mo ti gbọ́ ọ. Ó dùn létí mi, mo sì gbé e wá fún yín láìyẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ náà ti wá rìn dé ibi tí èmi fúnra mi kò dé rí. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe lónìí.

*

Ìyá Àgbẹ̀bí, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ìyàwó ilé ni mí níbí ní Kétu, ọdún tó kọjá ni mo wọlé ọkọ, ìyá ọkọ mi sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Mo gé ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ lórí ẹ̀fọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rẹ́ tẹ̀tẹ̀ àti gbúre ní tútù, mo ń da òróró àti àlùbọ́sà lé e, mo ń gbé e síwájú ọkọ mi. Ìyá ọkọ mi ní ewúrẹ́ ló ń jẹ ewé tútù, pé òun kò bí ewúrẹ́. Ọkọ mi ti wá ń ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí. Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí, ta ló jàre?
Ìyàwó Tuntun, Kétu

Ìyàwó wa, ìyá ọkọ rẹ ló jàre, ó jàre èmi àti ìwọ. Rọra yọ ìwé yẹn kúrò lára ògiri. O kò nílò láti sọ ohunkóhun. Gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó jinná kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, yóò yé wọn.

Ohun tí mo sọ nígbà náà kì í ṣe irọ́ pátápátá ṣá o. Fítámì kan wà tí wọ́n ń pè ní fítámì C. Òun ló ń jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ tètè jiná, tí kì í jẹ́ kí èrìgì máa ṣẹ̀jẹ̀, òun náà ló sì ń ran ara lọ́wọ́ láti fa irin inú ewé, èyí tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, mọ́ra. Fítámì yìí kò bá iná ṣọ̀rẹ́, kò sì bá omi ṣọ̀rẹ́. Bí o bá bọ tẹ̀tẹ̀ nínú omi púpọ̀, tó pẹ́ lórí iná, tí o wá fún un bí ẹni ń fún aṣọ, ìdajì fítámì C rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè bá omi lọ. Fólétì, fítámì mìíràn tí aláboyún nílò, náà ń bá a lọ. Bẹ́ẹ̀, gíráàmù 100 tẹ̀tẹ̀ tútù ní tó mìlígíráàmù 40 fítámì C nínú, àgbàlagbà kò sì nílò ju nǹkan bí 45 lóòjọ́ gẹ́gẹ́ bí WHO (àjọ ìlera àgbáyé) àti FAO (àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé) ṣe là á sílẹ̀. Ohun tó mú mi pariwo nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ewé kì í ṣe fítámì C nìkan. Nínú ewé tó dúdú dáadáa, ohun kan wà tí ara wa fi ń ṣe fítámì A, èyí tí kì í jẹ́ kí ojú ọmọdé ṣókùnkùn bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ohun náà há mọ́ inú ewé, bí ìgbà tí ẹ̀pà há mọ́ èèpo. Ewúrẹ́ lè tú u sílẹ̀, nítorí ó ń jẹ àpọ̀jẹ, ikùn rẹ̀ sì ní yàrá mẹ́rin. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. (Ìyá ọkọ rẹ kò mọ bí òtítọ́ ọ̀rọ̀ wọn ṣe jinlẹ̀ tó!) Iná ló ń bá wa fọ́ èèpo yẹn, epo ló sì ń gbé ohun inú rẹ̀ wọ ara, nítorí inú ọ̀rá ni òun àti fítámì E àti fítámì K ti ń yọ́, wọn kì í yọ́ nínú omi. Tẹ̀tẹ̀ tí o sè níwọ̀n, tí epo pupa kan, ara yóò rí ti fítámì A gbà nínú rẹ̀ ju tẹ̀tẹ̀ kan náà ní tútù lọ.

Èyí tó dùn mí jù ló kù. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre tí o ń rẹ́ sáwo gan-an ní ohun kan nínú tí wọ́n ń pè ní ọ́sálétì. Ṣé o mọ bí eyín ṣe máa ń rí bí ẹni ta ẹfun sí i, tí ahọ́n á máa há, bí a bá jẹ gbúre tí kò jinná? Òun nìyẹn. Ó ń dì mọ́ kálísíọ́mù tí eegun ń lò, kì í jẹ́ kí ara rí i lò. Ẹni tí òkúta sì ti wà nínú kíndìnrín rẹ̀ rí, ọ́sálétì tó pọ̀ lè dá òmíràn sílẹ̀ fún un. Omi bíbọ̀ ló ń fà á jáde nínú ewé. Omi aláwọ̀ ewé tí àwọn ìyá wa ń bọ ẹ̀fọ́ sí tí wọ́n sì ń dà sẹ́yìnkùlé láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, èyí tí mo ní kí ẹ má dà nù mọ́, ọ́sálétì ni wọ́n ń dà nù. Ojú tì mí.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, mo tún gbé nǹkan kan wò nílé. Ọmọ mi obìnrin ní òṣùwọ̀n kékeré tó fi ń wọn ìyẹ̀fun kéèkì. Mo yá a. Mo bu saláàdì, ewé tí àwọn kan ń pè ní lẹ́túúsì, sáwo bí wọ́n ṣe máa ń bù ú fún àlejò níbi ìnáwó, ewé rẹpẹtẹ, mo gbé e lé e: gíráàmù 60. Nínú gíráàmù 100 saláàdì, nǹkan bí 95 ló jẹ́ omi, fítámì C rẹ̀ kò sì ju mìlígíráàmù 9 lọ. Gbogbo àwo yẹn kò fún mi ní ju bíi 5 lọ. Ọsàn kan ṣoṣo tó tóbi díẹ̀, fítámì C rẹ̀ ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Mo wá já tẹ̀tẹ̀ lára igi, mo sọ igi rẹ̀ nù, ewé rẹ̀ kún abọ́ ìfọṣọ dẹ́múdẹ́mú: gíráàmù 420. Mo bọ̀ ọ́, mo fún un, mo dà á sínú ata tó ti dín, mo fi irú àti ẹja gbígbẹ sí i. Abọ́ ìfọṣọ di àwo ọbẹ̀ kan. Èmi àti ọkọ mi fi àkàsà jẹ ẹ́ tán, a ò tilẹ̀ mọ ìgbà tó tán. Àjọ WHO ní kí àgbàlagbà má jẹ dín ní gíráàmù 400 èso àti ẹ̀fọ́ lóòjọ́. Ta ló fẹ́ jókòó ti abọ́ ìfọṣọ tó kún fún ewé tútù? Ìgbà tí iná bá sọ ọ́ di kékeré la máa ń rí púpọ̀ jẹ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Mo ń fọ ewé kí n tó rẹ́ ẹ, n kì í rẹ́ ẹ kí n tó fọ̀ ọ́, nítorí ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà ni fítámì ń gbà jáde. N kì í rẹ́ ẹ láàárọ̀ de ọbẹ̀ alẹ́. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ-yọ̀kọ̀tọ̀ àti gbúre, mo ń kì wọ́n bọ omi tó ti ń hó, ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, mo yọ wọ́n, mo fún wọn díẹ̀. Ewédú àti ebòlò, omi díẹ̀, n kì í dà á nù. Ẹ̀fọ́ ló ń wọ ìkòkò kẹ́yìn, nígbà tí gbogbo nǹkan yòókù bá ti jinná. Bí a bá jẹun tán, ọsàn kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fítámì C tí iná gbà lọ́wọ́ ẹ̀fọ́ ni ọsàn ń dá padà, ó sì ń ran irin inú ẹ̀fọ́ yẹn lọ́wọ́ láti wọ ara.

Bí ọkàn rẹ bá ṣì fà sí ewé tútù, kò burú. Wá yánrin ọ̀dọ́, kí o fi òróró ẹ̀pà, àlùbọ́sà àti òroǹbó wẹ́wẹ́ po ó. Ó korò díẹ̀, ó sì dùn bẹ́ẹ̀. Jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ. Tẹ̀tẹ̀ ní tiẹ̀, iná ni kí o fi í lé lọ́wọ́. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, èmi ni mo fẹ́ mú un tẹ́.

*

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ìyàwó mi máa ń fi kán-ún sínú ewédú, á máa yọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sì máa tàn bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Mo sọ fún un pé àwọ̀ yẹn ló fi hàn pé oúnjẹ ara kò jáde nínú rẹ̀. Ó ní kí n bi yín.
Bàbá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́

Bàbá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Òdìkejì ohun tí ẹ sọ ló jẹ́ òtítọ́. Kán-ún ló ń jẹ́ kí àwọ̀ ewé máa tàn, òun náà ló sì ń pa fítámì C inú rẹ̀ àti èyí tí wọ́n ń pè ní B1. Ẹ lè rí ewé tó tutù yọ̀yọ̀ lójú, kí ó jẹ́ pé àwọ̀ nìkan ló kù níbẹ̀. Bí ewédú bá jẹ́ ọ̀dọ́, tí ẹ fi ìjábẹ̀ já a dáadáa, yóò yọ̀ láìsí kán-ún. Bí ìyàwó yín bá sì ní ọwọ́ òun kò lè fi í sílẹ̀, kó jẹ́ ṣín-ń-ṣín, kó má jẹ́ ẹ̀kúnwọ́. Kí àwọn ìbejì jẹ máńgòrò tẹ̀ lé e.

*

Màmá, mo wà ní oṣù kẹta oyún mi, ní Àjàṣẹ́ níbí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi ní ilé ìgbẹ̀bí fún àyẹ̀wò tókísó, èsì jáde, wọ́n kọ “négatif” síbẹ̀. Inú mi dùn. Àfi bí àgbẹ̀bí ṣe ní n kò gbọdọ̀ jẹ saláàdì mọ́ títí n ó fi bímọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tí tirẹ̀ jáde ní “pozitíìfù”, wọ́n ní kó máa jẹ ohun tó bá wù ú. Ṣé wọn ò ti gbé èsì wa fún ara wa ni? Búrẹ́dì tí wọ́n ki saláàdì sí ni mo ń jẹ láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo sì ń fi fínẹ́gà fọ èyí tí mo bá ṣe nílé.
Aláboyún, Àjàṣẹ́

Ọmọ mi, wọn kò gbé èsì yín fún ara yín. Ọdún 31 ni mo fi gbẹ̀bí, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan kò bi mí ní ìbéèrè yìí.

Tókísó, kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń fà á. Inú ológbò ló ti ń pọ̀ sí i, ìgbẹ́ ológbò ló sì ń gbé ẹyin rẹ̀ wọ ilẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń dé ara ewé, ara ọwọ́ àti ẹnu ẹran tó ń jẹko. Ẹni tó ti kó o rí tipẹ́ kó tó lóyún, ó lè má mọ̀ rárá, á kàn dà bí ibà ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti mọ olè náà lójú, kò ní jẹ́ kó wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí “pozitíìfù” ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ túmọ̀ sí nìyẹn, bí dókítà bá ti rí i pé àtijọ́ ni. Ìwọ, ara rẹ kò tíì rí i rí. Bí o bá wá kó o báyìí tí oyún wà nínú rẹ, ó lè gba ara ibi kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Ó lè ba oyún jẹ́, ó lè ba ojú ọmọ tàbí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ìwọ tí inú rẹ dùn sí “négatif” ni ìkìlọ̀ náà wà fún. Ìdí nìyẹn náà tí wọn yóò fi máa tún ẹ̀jẹ̀ rẹ yẹ̀ wò. Má ṣe bínú sí abẹ́rẹ́ wọn.

Fínẹ́gà kò pa á. Omi Javel, èyí tí a fi ń sọ aṣọ di funfun, tó wúlò láti pa kòkòrò onígbáméjì àti ti táífọ́ọ̀dù, kò ká ẹyin tókísó. Òtútù fíríìjì náà kò ká a. Omi tó ń ṣàn, tí a fi fọ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, máa ń ṣí púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò, kì í ṣí gbogbo rẹ̀. Iná ló ń pa á.

Kí n tó dá ọ lóhùn, mo lọ sí ẹ̀bá ọ̀sà láàárọ̀ kùtù, níbi tí àwọn olóko ẹ̀fọ́ ti ń gbin saláàdì tó ń wọ ọjà Ouando. Ọmọkùnrin kan ń pọn omi nínú kòtò, garawa ìbomirin kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ó ń sáré láàárín ebè, omi ń jáde lẹ́nu méjèèjì bí òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ebè rẹ̀ wu ojú rí. Ṣùgbọ́n kòtò tó ti ń pọnmi yẹn, ibẹ̀ náà ni àgbàrá àdúgbò ń ṣàn sí. Àpò ìgbẹ́ adìyẹ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, ọ̀kan ti ya, eṣinṣin bò ó. Mo bi í bóyá ó máa ń jẹ́ kó rà kó tó fọ́n ọn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá, bó bá rà tán, saláàdì ti lọ sọ́jà.” Bí a bá sì kó ìgbẹ́ yẹn jọ gègèrè, tí a ń bomi wọ́n ọn, tí a ń yí i po, inú rẹ̀ á gbóná débi pé ọwọ́ kò ní gbà á. Ooru yẹn ló ń pa kòkòrò inú rẹ̀. Àwọn kan tí wọ́n ń dáko nítòsí rẹ̀ mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń ṣe é. Ilé ọ̀dọ̀ wọn ni èmi ń lọ báyìí.

Mo ra orí saláàdì mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn, kí n lè rí i fún ara mi. Nílé, mo ya ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìdí ewé kan, níbi tó ti funfun, ìgbín kan tí kò tó èékánná ọmọ tuntun lẹ̀ mọ́ ọn, nǹkan dúdú kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mo mọ̀ dájú pé kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀. Omi àkọ́kọ́ nínú abọ́ funfun, iyanrìn bo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi kejì, iyanrìn díẹ̀ àti kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tó ń lúwẹ̀ẹ́. Omi kẹta, ojú mi rí i pé ó mọ́. Mo fi ìka nu ìsàlẹ̀ abọ́, ó ṣì ń rin ìka mi bí iyọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó mọ́ lóòótọ́. Mo wá ń ro ti olóbúrẹ́dì rẹ ní ìdí ọ̀nà, garawa omi kan ṣoṣo láti àárọ̀ dọ̀sán. Ìgbà mélòó ni yóò pààrọ̀ omi?

N kò sọ̀rọ̀ bí ẹni mímọ́ o. Ọjọ́ tí a ń sọ ọmọ ọmọ mi kejì lórúkọ, èmi ni mo ní dandan ni kí a ṣe saláàdì fún àlejò. Mo fi omi iyọ̀ ṣàn án, ẹ̀ẹ̀kan péré, nítorí àwọn èèyàn ti ń ya wọlé. Kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pọ́n, ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa kò dá. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sáré, àwọn àna wa tó wá láti Kútọnu tẹ̀ lé e, wọ́n sì sùn mọ́ wa lọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta tí wọn kò múra sílẹ̀ fún. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ìyẹn ló tún dùn mí jù.

Fún ìwọ, títí o fi máa bímọ: ẹ̀fọ́ sísè, ẹran tó jinná dé inú, kì í ṣe ẹran sísun tí àárín rẹ̀ ṣì ń pọ́n. Èso tí o lè bó fúnra rẹ lẹ́yìn tí o bá ti fọ èèpo rẹ̀, ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ òyìnbó. Bí ológbò bá wà nílé, kí ẹlòmíràn máa kó ìgbẹ́ rẹ̀. Bí o bá fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀, ọṣẹ àti omi. Fólétì tí iná mú nínú ẹ̀fọ́ kò gbọdọ̀ dà ọ́ láàmú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún yín ní hóró oògùn tó ní irin àti asídì fólíkì (fólétì tí wọ́n ṣe ní oògùn) nínú. 400 máíkírógíráàmù asídì fólíkì lóòjọ́ ni WHO ní kí aláboyún máa lò, ẹnu ewé nìkan kò lè ká a. Òun ló ń ran ẹ̀yìn ọmọ àti ọpọlọ rẹ̀ lọ́wọ́ láti pa dé dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Máa lò ó, bó tilẹ̀ ń mú ìgbẹ́ rẹ dúdú. Irin inú rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Búrẹ́dì rẹ, ní kí wọ́n fi ẹyin díndín tó gbẹ dáadáa sí i.

*

Ìyá Àgbẹ̀bí, ọmọ ọmọ mi jẹ́ oṣù márùn-ún. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, kì í mu ọmú dáadáa mọ́ láti ìjẹta. Aládùúgbò wa kan ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló kéré, kí a gún ewé ẹ̀gẹ́ ní tútù, kí a fún omi rẹ̀ po mílíìkì, ṣíbí mẹ́ta lóòjọ́. Ó ní bí a bá sè é, agbára rẹ̀ ti lọ. Ṣé kí n ṣe é?
Ìyá Àgbà, Sákétẹ́

Ìyá àgbà, rárá. Lẹ́tà yín kò dúró de ìwé ìròyìn yìí. Ọjọ́ tó dé ọwọ́ mi gan-an ni mo ní kí ọmọ tó gbé e wá padà sọ fún yín kí ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Mo gbọ́ pé ẹ ti lọ, wọ́n sì rí ibà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ kú ewu. Mo ń tẹ èsì yìí jáde nítorí àwọn mìíràn tí aládùúgbò wọn lè gbà wọ́n nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ewé ẹ̀gẹ́ ní oró nínú, oró kan náà tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ máa ń gún un kúnná, wọ́n á sè é pẹ́ nínú ìkòkò tí kò ní ìdérí kí oró náà lè bá oru lọ. Èyí tí aládùúgbò yín pè ní agbára rẹ̀ ni oró náà. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá rẹ̀ nìkan ni oúnjẹ rẹ̀ àti omi rẹ̀. Omi ewé kankan kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀, ìbáà jẹ́ úgù, ìbáà jẹ́ mọ́ríńgà. Ọmọ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun, ọ̀pọ̀ ìgbà ibà ló ń jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nígbà mìíràn tó bá dàgbà díẹ̀ aràn ni. Ewé kò lè lé èyíkéyìí nínú wọn. Irin inú ewé náà, díẹ̀ ni ara ń rí gbà nínú rẹ̀, kò dà bíi ti ẹran àti ẹja. Àwọ̀ ló sì ń tàn wá: omi pòròpórò ọkà bàbà pupa, a ní ẹ̀jẹ̀ ni. Àwọ̀ pupa kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

*

Ìyá wa, ọkàn ń dà mí láàmú, dókítà fún mi ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ó ní kí n ṣọ́ra fún ẹ̀fọ́. Àwọn ọmọ mi ní kò sí dókítà tó ń sọ bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀fọ́ kì í ṣe èèyàn ní ibi. Wọ́n ń lọ ewé oríṣiríṣi pọ̀ fún mi nínú ẹ̀rọ, ife ńlá kan láràárọ̀.
Bàbá Arúgbó, Ìfànyìn

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ti dókítà. Ewé tó dúdú kún fún fítámì K, fítámì K ló sì ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì. Àwọn oògùn kan wà tó jẹ́ pé fítámì K gan-an ni wọ́n ń bá jà. Ife ńlá yẹn ń ba iṣẹ́ oògùn yín jẹ́. Dókítà kò sọ pé kí ẹ má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́. Ohun tó fẹ́ ni kí ó máa jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí ẹ má jẹ ẹ́ lọ́pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí kí ẹ sì pa á tì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí ìwọ̀n tí ẹ ń jẹ ló fi ń díwọ̀n oògùn. Ẹ má ṣe dá ife náà dúró lójijì o, ìyẹn náà léwu. Ẹ lọ bá a lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sọ iye ife àti orúkọ ewé fún un, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ sì tẹ̀ lé yín lọ, kó fetí ara rẹ̀ gbọ́.

*

Ìyá Àgbẹ̀bí, ìbéèrè mi kò gùn. Ṣé òótọ́ ni pé ṣọkọ-yọ̀kọ̀tọ̀ máa ń mú ọkọ sanra?
Àpọ́n Tó Fẹ́ Gbéyàwó, Pọ́bẹ̀

Ọdún 38 ni mo ti ń sè é fún tèmi, bẹ́líìtì rẹ̀ ṣì wà ní ihò tó fún jù lọ.